Bí ẹ ṣe lè ra Questar àlòkù kí ẹ sì gbé e wálé: ohun tí mo kọ́ ní Ìṣẹ́yìn

Òru àkọ́kọ́ tí mo gbé Questar mi, awò kékeré tí a fi ń wo ìràwọ̀, kalẹ̀ ní àgbàlá bàbá mi ní Ìṣẹ́yìn, Júpítà kọ̀, kò dúró. Màá gbé e sí àárín gbùngbùn ojú awò, màá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lè wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó tó kan ẹni kẹrin, Júpítà ti rìn dé etí, ó ń bá tirẹ̀ lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Bẹ́ẹ̀ ní Philadelphia, níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì alẹ́, tí awò yìí kan náà bá ti di ìràwọ̀ mú, kì í jù ú sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Mo ní ó ti bàjẹ́ nínú bàálù nìyẹn. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi tu owó rẹ̀ jọ. Mo jókòó sí etí kànga, ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu mi.

Bàámi ló rí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Sọ̀fíyọ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n ti gbé awò ìwọnlẹ̀ la igbó kọjá láti Ìṣẹ́yìn títí dé Ṣakí. Wọn ò bá mi dárò. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí awò náà, wọ́n rí òrùka tí wọ́n fín wákàtí sí lára, wọ́n wọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n bọ́ aago ọwọ́ wọn sórí tábìlì. "Àṣàkẹ́, má fọwọ́ kàn án." Wọ́n jókòó tì í títí òrùka náà fi yí wákàtí kan gééré. Aago ọwọ́ wọn ti lọ ìṣẹ́jú 72. Wọ́n wá bi mí pé, "Iná ìlú wo ni ẹ̀rọ yìí ń jẹ?"

Ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí n kọ èyí. Púpọ̀ nínú wa tó wà lókè òkun ń fẹ́ ra awò tó dára, kí a gbé e wálé lọ́dún, kí àwọn ará ilé náà fojú ara wọn rí ohun tó wà lókè. Rírà rẹ̀ kò ṣòro tó bí a ṣe rò. Ohun tó le ni pé ibi kan ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe awò bẹ́ẹ̀: iná ibẹ̀, ojú ọ̀run ibẹ̀, afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Ẹ ní láti tún ilé kọ́ fún un ní ọ̀dọ̀ tiwa.

Ohun tí ẹ fẹ́ ná owó lé lórí

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn tí kì í ṣe iṣẹ́ ìràwọ̀ jẹun ti ń ná owó ńlá lé awò. Ní Ireland, Lord Rosse, onílẹ̀ tó lówó, kọ́ èyí tí dígí rẹ̀ fẹ̀ tó íńṣì 72 sínú ọgbà ilé rẹ̀ ní 1845. Bí £12,000 ni wọ́n sọ pé ó ná. Percival Lowell, ọmọ olówó ní Boston, san $20,000 fún ilé iṣẹ́ Alvan Clark àti àwọn ọmọ rẹ̀ fún awò onílẹ́ńsì íńṣì 24, tí wọ́n gbé sí Flagstaff ní Arizona ní 1896. Ní ayé tiwa, àwọn ènìyàn ti dúró rí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí orúkọ wọn tó kàn lórí ìwé Astro-Physics, ilé iṣẹ́ aláwò tí Roland Christen dá sílẹ̀ ní Illinois ní 1975. Awò APQ tí Zeiss ṣe ní Jena ní Jámánì, tó ní lẹ́ńsì tí wọ́n fi òkúta mímọ́ gaara tí wọ́n ń pè ní fluorite ṣe nínú, àwọn tó ní in kì í fẹ́ tà á.

Questar kéré sí gbogbo wọn. Lawrence Braymer, ayàwòrán ìpolówó ọjà, ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní New Hope, Pennsylvania, ní 1950, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1954 ní $795. Nígbà náà ọkọ̀ Chevrolet tuntun tó rọjú jù kò tó $2,000. Nígbà tí Braymer kú ní 1965, Marguerite ìyàwó rẹ̀ ló gba ìṣàkóso ilé iṣẹ́ náà. Dígí àti gíláàsì rẹ̀ tẹ̀lé ọ̀nà tí Dmitri Maksutov, ará Rọ́ṣíà, gbé jáde ní 1941: gíláàsì nípọn kan tó tẹ̀ bí àwo ọbẹ̀ ló wà níwájú, dígí wà lẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ á ṣẹ́rí padà lẹ́ẹ̀mejì kó tó jáde sí ojú ẹni. Ìdí nìyẹn tí awò tí gígùn ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ lé ní mítà kan fi lè gùn mọ níwọ̀nba apá ọmọdé. Ó wúwo bíi kílò mẹ́ta àti díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ń tẹ̀lé ìràwọ̀ wà nínú ìdí rẹ̀, awò kékeré ìṣàwárí wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́ta tí ẹ ó fi gbé e sórí tábìlì wà níbẹ̀. Wọ́n ya òṣùpá sí ara àgbá rẹ̀, wọ́n ya ìràwọ̀ sí ara ìbòrí tó ń fà síwá-sẹ́yìn lórí rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wọ inú àpótí kan tí mo lè gbé sórí itan mi nínú bàálù.

Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn ni pé wọ́n ṣe é kó lè pẹ́. Tèmi dàgbà jù mí lọ. Bọ́tìnì kan kò mì, ìdè kan kò tú.

Ṣùgbọ́n kí n má tan ẹnikẹ́ni jẹ. Mìlímítà 89 péré ni ẹnu rẹ̀. Awò alágbá ńlá oníńṣì 8 tí wọ́n ń pè ní Dobsonian, irú èyí tí John Dobson kọ́ àwọn ènìyàn láti fọwọ́ ṣe ní San Francisco, ń gba ìmọ́lẹ̀ tó ìlọ́po márùn-ún ti Questar, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì ohun tí mo san. Bó bá jẹ́ ìkùukùu ìràwọ̀ tó ṣókùnkùn ni ẹ fẹ́ máa wá kiri, tí ẹ ò sì ní gbé e kúrò lójú kan, ẹ lọ ra ìyẹn, owó yín kò ṣòfò. Questar wà fún òṣùpá, fún Júpítà àti Sátọ̀ọ̀nù, fún ìràwọ̀ méjì tó so mọ́ra, àti fún ẹni tó ń rìnrìn àjò.

Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó

Tuntun rẹ̀ ti lé ní $5,000. Àlòkù ni mo rà, $1,900, lọ́wọ́ ìyá àgbàlagbà kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Kí n tó rí ìyẹn, ọkùnrin kan ti tà mí ní òmíràn tí mi ò yẹ̀ wò dáadáa. Fọ́tò ló fi hàn mí, fọ́tò náà dán gbinrin. Nígbà tó dé, mo rí i pé inú gíláàsì rẹ̀ ti bu bí búrẹ́dì ṣe máa ń bu: okùn tín-ín-rín funfun bíi ti aláǹtakùn, ó tàn ká láti etí wá sí àárín. Oṣù mẹ́rin ni mo fi bá a fa ọ̀rọ̀ kó tó dá owó mi padà. Nítorí náà, ẹ lọ wò ó fúnra yín. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya fídíò bí ẹ ṣe fẹ́ kó yà á, kì í ṣe bó ṣe wù ú.

Ẹ wọ yàrá tó ṣókùnkùn. Ẹ ṣí ìdérí iwájú, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ má tàn án sójú kan gbọọrọ. Ẹ̀gbẹ́ ni kẹ́ ẹ ti tàn án, kí ìmọ́lẹ̀ náà yọ́ kọjá lára gíláàsì. Eruku díẹ̀ kò burú, gbogbo awò ló ń ní in, kò sì hàn nínú ohun tí ẹ ń wò. Okùn funfun ni kẹ́ ẹ wá, àti èéfín tí kò ṣeé nù. Ẹ wo dígí ẹ̀yìn: bí fàdákà ojú rẹ̀ bá ti pọ́n bíi tíì, tàbí ó ti ní ihò wínníwínní púpọ̀, yóò ní láti padà sọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ yọ owó yẹn kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san. Ẹ̀yin tí ẹ bá rí àmì roboto tó ń dán láàárín gíláàsì iwájú, ẹ má rò pé àbàwọ́n ni, ẹ má nù ún. Dígí kejì ni. Mo mọ ẹnìkan tó fi aṣọ fọ̀ ọ́ títí ó fi ṣí.

Lẹ́yìn náà, ẹ dán àwọn ọwọ́ kéékèèké ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ọ̀kan ń yí ojú yín láti awò ìṣàwárí sí awò gan-an. Òmíràn ń mú lẹ́ńsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wọlé. Wọ́n gbọ́dọ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kí wọ́n má há. Ẹ yí àgbá náà sókè sódò, ẹ yí i yípo: ó gbọ́dọ̀ dúró níbi tí ẹ bá fi í sí.

Ẹ wá fi iná sí i. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í pariwo, nítorí náà etí kọ́ ni ẹ ó fi mọ̀. Ẹ ṣe bí bàámi ti ṣe: ẹ fi àmì sí ibi tí òrùka wákàtí wà, ẹ wo aago, ẹ ṣe sùúrù fún ìdajì wákàtí. Bí ẹni tó ń tà á bá ń kánjú, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ.

Ìdánwò tó ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìràwọ̀ ló ń ṣe é. Ẹ gbé e síta fún wákàtí kan kí gíláàsì rẹ̀ lè bá afẹ́fẹ́ òde dọ́gba. Ẹ wá ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ tó sì ga lókè, ẹ fi lẹ́ńsì tó ń sọ ọ́ di ńlá jù wò ó. Ẹ yí bọ́tìnì díẹ̀ kọjá ibi tó ti mọ́ kedere, ìràwọ̀ náà á di òrùka nínú òrùka. Ẹ yí i padà sí òdìkejì, iye díẹ̀ kan náà. Òrùka méjèèjì gbọ́dọ̀ jọra bí ìbejì, kí wọ́n rí roboto, kí ihò dúdú wà láàárín wọn gan-an. Bí ọ̀kan bá mú ṣáṣá tí èkejì rú bí omi àgbo, tàbí tí òrùka náà ní igun mẹ́ta, ẹ fi í sílẹ̀ bó ti wù kó dán tó lóde.

Iná

Nísinsìnyí mo padà sí ìbéèrè bàámi. Iná tó ń jáde lára ògiri kì í ṣàn lójú kan bí omi odò. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ó ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní Nàìjíríà, ìgbà 50 ni. Ẹ́ńjìnnì inú Questar àtijọ́, ìlọ-ìbọ̀ yẹn gan-an ló fi ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀. Mo ra tiransifọ́mà tó dára, ó sọ iná fólítì 230 di 120, ẹ̀rọ kò jó, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n kò sí tiransifọ́mà tó lè sọ 50 di 60. Ẹ́ńjìnnì náà ń rìn, ó kàn ń fi ìdá kan nínú mẹ́fà falẹ̀ ni: ohun tó yẹ kó fi wákàtí kan yí, ìṣẹ́jú 72 ló fi yí i. Bí ẹ bá fi ìlọ́po 80 wo Júpítà, bí ìṣẹ́jú mẹ́fà ni yóò fi kúrò láàárín dé etí. Ohun tí mo rí lóru ọjọ́ yẹn nìyẹn, gééré.

Ínfátà inú ilé kò lè ràn yín lọ́wọ́, nítorí 50 ni òun náà ń pèsè. Sítébílásà kò kàn án rárá. Ohun tí mo ṣe ni pé, mo padà sí Amẹ́ríkà, mo ra ínfátà kékeré tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ níbẹ̀: ó ń gba iná 12 láti ara bátìrì, ó ń pèsè 120 pẹ̀lú ìlọ-ìbọ̀ 60. Ẹ wò ó lára rẹ̀ pé wọ́n kọ "pure sine" sí i. Èyí tó rọjú jù kì í kọ ọ́, ìlọ-ìbọ̀ tirẹ̀ rí jágajàga, ẹ́ńjìnnì kékeré yìí á máa gbóná lórí rẹ̀. Èyí tó kéré jù lọ tó, torí iná tí ẹ̀rọ náà ń jẹ kò tó ti gílóòbù kan. Bátìrì, ẹ má gbé e láti òkè òkun. Bátìrì ọkọ̀ tí àbúrò mi ń lò ni mo fi ṣe é, ó gbé e di àfẹ̀mọ́jú. Kò sí ariwo jẹnẹrétọ̀, iná ìjọba ìbáà lọ, kò kàn wá.

Bí ẹ bá rí Questar tó jẹ́ tìgbà tó súnmọ́ tiwa, èyí tí wọ́n ń pè ní Powerguide, bátìrì kékeré oníná 9 ló ń lò, gbogbo wàhálà yìí kò sí níbẹ̀. Ẹ fi owó díẹ̀ kún un kẹ́ ẹ rà á bí agbára bá ká a.

Ìtẹ̀sí

Awò tó ń tẹ̀lé ìràwọ̀ gbọ́dọ̀ nàka sí ibi tí gbogbo ọ̀run ń yí ká, lẹ́bàá ìràwọ̀ àríwá tí wọ́n ń pè ní Polaris. Bí ibi tí ẹ wà bá ṣe jìn sí ìlà ìdajì ayé tó, bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ ṣe ga tó lójú ọ̀run. Ní Philadelphia, dìgírì 40: mo fa ẹsẹ̀ kẹta Questar gùn díẹ̀, ó tẹ̀, ó tó. Ní Ìṣẹ́yìn, dìgírì 8 péré. Polaris ń rá pálá lẹ́yìn igi máńgòrò aládùúgbò wa, tó bá sì di ìgbà ọyẹ́, ẹ ò ní rí i rárá. Ìdí awò náà gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró lóòró bí ògiri, kí àgbá rẹ̀ wá sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹsẹ̀ mẹ́ta yẹn kò lè gbé e bẹ́ẹ̀. Ẹ má dán an wò, yóò ṣubú.

Mo lọ bá ajórinmọ́rin kan lójú ọ̀nà Òkèhò. Mo ní kó bá mi jó irin pẹlẹbẹ méjì pọ̀: ọ̀kan sùn lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta onígi tí bàámi ti fi ń wọn ilẹ̀ rí, èkejì dúró lóòró, ó tẹ̀ sẹ́yìn ní dìgírì 8. Ihò kan láàárín rẹ̀ fún ìdè tó ń wọ ìdí awò, irú èyí tó wà lábẹ́ kámẹ́rà. Wọ́n jó irin pelebe kan sí ẹ̀yìn rẹ̀ kó má bàa mì. Àwọn bíríkìlà ní lẹ́bẹ́ẹ̀lì olómi. Mo gbé e lé irin ìsàlẹ̀, bàámi sì fi ohun ìwọ̀n wọn àtijọ́ wo igun rẹ̀. Wọ́n dá a padà lẹ́ẹ̀mejì kó tó tẹ́ wọn lọ́rùn. Bí ẹ bá wà ní Èkó, 6 àti ààbọ̀ ni kẹ́ ẹ fi tẹ̀ ẹ́. Ìbàdàn, 7 àti ààbọ̀ kù díẹ̀. Ìlọrin, 8 àti ààbọ̀.

Ó ku àríwá. Polaris kò sí níbẹ̀ láti fi hàn yín, nítorí náà oòrùn lẹ ó lò. Ní ọ̀sán, ẹ so okùn mọ́ òkúta kí ẹ gbé e kọ́ bí àwọn bíríkìlà ṣe ń ṣe, tàbí kí ẹ ri ọ̀pá sí ilẹ̀ kó dúró ṣánṣán. Ní bí agogo 11, ẹ fi àmì sí ibi tí orí òjìji rẹ̀ dé. Ẹ fi okùn ya àyíká láti ẹsẹ̀ ọ̀pá gba ojú àmì yẹn. Òjìji á máa kúrú, á tún máa gùn. Nígbà tí orí rẹ̀ bá tún kan àyíká náà lọ́sàn-án, ẹ fi àmì kejì síbẹ̀. Ìlà tó bá ti ẹsẹ̀ ọ̀pá jáde, tó gba àárín àmì méjèèjì kọjá, àríwá sí gúúsù nìyẹn. Kò sí irin kankan tó lè tàn án jẹ bó ṣe ń tan kọ́ńpáàsì jẹ.

Ẹ má lo agogo 12 gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí oòrùn wà lókè gan-an. Ìlà dìgírì 15 ní ìlà-oòrùn ni wọ́n gbé aago Nàìjíríà kà, Ìṣẹ́yìn sì wà ní bíi 3.6. Dìgírì kan jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí oòrùn kì í fi í dé góńgó ní ọ̀dọ̀ wa títí di nǹkan bíi 12:46. Ó máa ń yá sí 12:30 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, ó ń pẹ́ dé agogo kan ní àárín oṣù kejì. Ohun kan tún wà tó ń da àwọn tó ka ìwé àwọn òyìnbó rú: láti bí àárín oṣù kẹrin títí dé ìparí oṣù kẹjọ, àríwá wa ni oòrùn ń gbà kọjá lọ́sàn-án. Òjìji á máa nàka sí gúúsù. Mo ti rí ẹni tó kọ ẹ̀yìn awò rẹ̀ sí àríwá nítorí èyí.

Lálẹ́, ẹ tún un ṣe. Ẹ wo ìràwọ̀ kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lókè orí yín, díẹ̀ sí gúúsù. Kí ẹ lè mọ apá ibi tí gúúsù wà nínú ojú awò, ẹ ti imú àgbá náà sí àríwá díẹ̀. Ibi tí ìràwọ̀ bá sá sí, gúúsù nìyẹn. Ẹ gbé ìràwọ̀ padà sáàárín, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bó bá rọra ń yọ́ lọ sí gúúsù, awò yín nàka sí ìlà-oòrùn jù. Ẹ yí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà sí ìwọ̀-oòrùn díẹ̀. Bó bá ń lọ sí àríwá, òdìkejì. Ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó ti tó. Bàámi kun ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí sìmẹ́ńtì àgbàlá lọ́dà funfun, nítorí náà ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni mo fi gbé e kalẹ̀.

Ọ̀rinrin àti oòrùn

Ohun tó bu gíláàsì àkọ́kọ́ tí mo rà, ọ̀rinrin ni, ọ̀dọ̀ wa sì ni ilé rẹ̀. Àpótí aláwọ tí Questar ń bá wá lẹ́wà, mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n awọ àti aṣọ inú rẹ̀ ń mu omi bíi kànìnkànìn. Nílé, ẹ má tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ ra ike ńlá tó ní ìdérí tó ń mú pinpin, ẹ kó àwọn àpò kéékèèké tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun sínú rẹ̀, ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣooṣù, ẹ yan wọ́n lórí iná kékeré títí omi inú wọn á fi gbẹ, kẹ́ ẹ kó wọn padà. Ìrẹsì tí àwọn kan ń lò, ẹ gbàgbé rẹ̀: eruku rẹ̀ àti kòkòrò inú rẹ̀ burú ju ọ̀rinrin lọ.

Ẹ má gbé awò kúrò nínú yàrá tí ẹ́ńjìnnì amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́ bọ́ síta. Gíláàsì tútù tó bọ́ sínú afẹ́fẹ́ ilẹ̀ wa, lójú ẹsẹ̀ ni yóò làágùn bí ìgò ọtí tó tutù. Bó bá làágùn, ẹ má nù ún. Ẹ fà ìbòrí onírawọ̀ rẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Tó bá di àfẹ̀mọ́jú, ẹ dé e lẹ́nu níta kẹ́ ẹ tó gbé e wọlé. Ní àsìkò ọyẹ́, èmi kì í ṣí i rárá bí erùpẹ̀ bá ń fò. Òru tó mọ́ jù tí mo ti rí ní Ìṣẹ́yìn, ìparí oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá ni, lẹ́yìn tí òjò ti fọ ojú ọ̀run tí ọyẹ́ kò sì tíì dé.

Ẹ má ṣe wo oòrùn láìfi ìbòjú oòrùn bo gbogbo ẹnu awò níwájú. Gbogbo ẹnu rẹ̀ ni mo wí. Awò ìṣàwárí rẹ̀ náà ń wo oòrùn láti ìsàlẹ̀, ẹ bo òun náà. Mo ti tọ́jú ojú tó jóná ní wọ́ọ̀dù. Ó lè má padà bọ̀ sípò mọ́. Bí ọmọdé bá wà nítòsí lọ́sàn-án, ẹ má ṣe fi awò náà sílẹ̀ ní àgbàlá, ìbáà jẹ́ ìṣẹ́jú kan.

Nínú bàálù, ọwọ́ ni mo fi ń gbé e, mi ò fi í sínú ẹrù rí. Ínfátà lè wọ inú ẹrù. Ẹ mú rìsíìtì tí ẹ fi rà á dání.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ fi hàn wọ́n

Àgùàlà ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ bó bá wà lójú ọ̀run lálẹ́. Gbogbo ọmọ ilé wa ló ti gbọ́ pé àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Nígbà tí ìyá mi àgbà rí i nínú Questar, tó rí i pé òun náà ń di ìlàjì, ó ń di tín-ín-rín bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, wọ́n yọ ojú kúrò, wọ́n wo òkè, wọ́n tún fi ojú sí i. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni wọ́n fi dákẹ́.

Ṣùgbọ́n ìdí gan-an tí mo fi ń gbé awò olówó iyebíye yìí la òkun kọjá, ohun tí Philadelphia kò lè fi hàn mí ni. Níbẹ̀, Àgbélébùú Gúúsù kì í yọ rárá. Ní Ìṣẹ́yìn, ní àkókò Àjíǹde, bí ó bá ti kù díẹ̀ kí agogo kan òru lù, ẹ kọjú sí gúúsù: ó wà níbẹ̀, kò ga, ó dúró ṣánṣán. Ìràwọ̀ méjì tó mọ́lẹ̀ gan-an wà lápá òsì rẹ̀. Èyí tó súnmọ́ ọn nínú méjèèjì ni kẹ́ ẹ mú, Beta Centauri. Ẹ wá ìràwọ̀ tó wà lókè rẹ̀ díẹ̀, Epsilon, kí ẹ fa ìlà láti Beta gba Epsilon, kẹ́ ẹ tún lọ síwájú tó bẹ́ẹ̀ kan sí i. Ojú lásán á rí ohun kan bí ìràwọ̀ tó rú. Ẹ lo lẹ́ńsì tó ń sọ nǹkan di ńlá díẹ̀ jù, ẹ ti pa gbogbo iná ilé fún ogún ìṣẹ́jú ṣáájú, ẹ má wò ó lójú kòrókòró. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀. Omega Centauri nìyẹn, bọ́ọ̀lù ìràwọ̀ tó tó mílíọ̀nù mẹ́wàá, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń bọ̀ láti nǹkan bí ọdún 17,000. Bí ojú yín bá ti mọ́ òkùnkùn náà, etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nká bí iyẹ̀pẹ̀ tó ń dán.

Ẹ gbé àga tó ní ẹ̀yìn sílẹ̀ fún àwọn àgbà. Bàámi kì í dìde nídìí èyí kí agogo mẹ́ta tó lù.